Òfin Yàrá Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ gbà mí o, ẹnu ara mi ni mo fi lé ara mi jáde nílé ọkọ mi. Èmi ò kàwé, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́... Ilé wa ní Bẹyẹrúnkà ti ń wó, ẹbí fẹ́ tún un kọ́, mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, wá ní kí ọmọ yìí, tó ń kọ pùrógíráàmù fún kọ̀ǹpútà, ṣe èyí tó máa pín yàrá, kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo ojúsàájú. Ó jókòó tì mí, ó ní yàrá tí òun kọ sínú kọ̀ǹpútà lè gba irú ènìyàn yòówù, ọmọ ilé, ìyàwó ilé, àyálégbé, àfi tí òun bá pààlà fún un pé irú tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ní nǹkan báyìí. Ó bi mí pé, kí ni kí nǹkan náà jẹ́? Mo ní irú ẹni tó lè dárúkọ bàbá rẹ̀ nínú ilé yìí. Mọ́gàjí ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, gbogbo ilé fọwọ́ sí i.

Mo sọ fún ọmọ yìí pé torí àyálégbé ni. Irọ́ ni... Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo ń lé, opó bíi tèmi, torí ó fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí bú mi létí kànga nígbà kan. Òun ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. Ọmọ yìí ti dáwọ́ dúró, ó ń wò mí... máa tẹ̀ ẹ́ lọ, jàre. Àṣé nígbà tó fẹ́ fi èmi sí yàrá, ìlà pupa ni kọ̀ǹpútà fà sábẹ́ orúkọ mi, pùrógíráàmù ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá tó ti kọ̀ mí. Ìyàwó ilé lèmi náà, bàbá wo ni mo fẹ́ dárúkọ? Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ́ èmi nìkan wọlé, ó ní òfin yìí ò mọ orúkọ, irú ènìyàn ló mọ̀, ohun tó bá gbà mí wọlé á gba obìnrin yẹn náà. Ó ní a lè yí i sí irú ẹni tó lè dárúkọ ẹni tirẹ̀ tí wọ́n sin sínú ilé yìí. Ọkọ mi wà lábẹ́ ilẹ̀ àgbàlá, ọkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́gàjí máa bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà... kí ni mo fẹ́ wí? Ilé bàbá mi ní Ọ̀rányàn ti di ṣọ́ọ̀bù, níbo ni mo fẹ́ forí lé?

Láàárọ̀ yìí, obìnrin náà gbé omi gbígbóná wá fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ìyálé mi, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín kí yàrá wa má jìnnà síra, bí ọ̀kan nínú wa bá ṣubú, ta ló máa gbọ́? Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n máa ka orúkọ àwọn tó ní yàrá sétí gbogbo ilé. Ṣé kí n jẹ́wọ́ lójú gbogbo ilé ni, àbí kí n ti di ẹrù mi sílẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn... ọmọ yìí ló máa kà á fún mi.