Ìgò Tí A Kò Fi Oògùn Sí

Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti lọ, Onígíláàsì wa! Ọdún mẹ́rin, ẹnu wa kò sì tíì gbà láti pè ọ́ ní olóògbé.

Ọmọ rẹ ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ti ki débi pé bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, a ó rò pé àlejò wọlé. Ọkọ rẹ ti parí òkè ilé tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ tí o yàn, tí ó torí rẹ̀ bá ọ jà, òun náà ló fi kùn ún. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ. Ó ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀ báyìí, ó sì ń rí eruku wa pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ẹni tó sinmi nínú ilé mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni a fẹ́ bá ọ sọ lónìí.

Ó wà ní láàbù yín, níbi tí ẹ ti ń ṣe ìwádìí. Tábìlì rẹ gan-an ni wọ́n fún un, ibi tí o bá iṣẹ́ dé ni ó sì ti gbé e. Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń fi òwú ìránṣọ ìyá rẹ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa? O ní nínú sẹ́ẹ̀lì, RNA ni ìránṣẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ irú purotéènì tí wọn yóò ṣe. O ní okùn náà a máa ká lu ara rẹ̀, a sì ta kókó. Bí kókó bá le, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ka iṣẹ́ tí ìránṣẹ́ náà ń jẹ́ yóò há síbẹ̀, purotéènì kò ní pọ̀ jù. Bí kókó bá tú, purotéènì yóò ya bolẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yóò pín sí méjì, yóò tún pín, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. A rẹ́rìn-ín. A ní kí o dá òwú olówùú padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dé. Jẹjẹrẹ! Irú kókó bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó tú nínú ara rẹ. Ìwọ tí o mọ ibi tó wà, tí o mọ bó ṣe rí, o kò rí i so. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

O ní kí wọ́n mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, kí wọ́n máa tọ́ ọ nínú ìgò fún ìwádìí. O sì kìlọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti rí ìdáhùn, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, o kò fẹ́ kí nǹkan burúkú yẹn máa gbáyé lẹ́yìn rẹ.

Ìwọ lọ. Òun kò lọ. Àbúrò rẹ ni ó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà: yóò gbé omi pupa tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò da ti àná nù, yóò fún un ní tuntun, yóò dá ìgò padà sínú àpótí tó móoru bí ara ènìyàn. Àwọn ará láàbù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kí ìgò. Irọ́ kọ́! “Ẹ káàárọ̀ o” ni ó ń kí i. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Lọ́dún yìí, ó rí i! Ó rí oògùn tó ń di kókó náà mú. Nínú ìgò ni o, ó ṣì jìnnà sí ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n kókó le, sẹ́ẹ̀lì kò pín mọ́, wọ́n sì kú. Ọ̀gá láàbù ń fò sókè, àwọn kan ń ya fọ́tò. Àbúrò rẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. Oògùn dé! Ta ni a ó fún lò?

Wọ́n da ìyókù sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín, nù bí o ṣe wí. Ó wá ku ẹyọ ìgò kan. O mọ ìlànà iṣẹ́ yín: ìgò kan gbọ́dọ̀ wà tí a kò fi oògùn sí, kí a lè fi èyí tó mu oògùn wé e. Ìdánwò parí, àbúrò rẹ ní òun ṣì ń fi wé. Kí ló ń fi wé kí ni? Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń bi í. Ojoojúmọ́ ni ó ń ní ó di ọ̀la.

Ó mú ìyá yín lọ wò ó. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó fi ojú tuntun rẹ̀ wò ó pẹ́. Ó bèèrè pé, ṣé ọmọ òun nìyí? Ìyá ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Ó ní èyí tó jẹ ọmọ òun ni ẹ̀ ń fún lóúnjẹ yìí. Ó ní kí ó ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán an. Ó wá kọjú sí ògiri.

Àná ni àbúrò rẹ ṣe é. Ó da bílíìsì sí i, omi pupa náà ṣí títí ó fi mọ́ gaara. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàbù níṣojú gbogbo wọn, ó ní ẹ̀gbọ́n òun, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń múra ìrántí rẹ, ó ti jáde lọ sí láàbù kí a tó jí. Ó ti gbé oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ṣí àpótí kí ó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ bọ́ mọ́. Ó pè wá lórí fóònù. Ó rò ó fún wa. Gbogbo wa kàn gbé fóònù dání, oúnjẹ náà sì ń móoru lọ.

Àárò rẹ ń sọ wá, Onígíláàsì! A fẹ́ràn rẹ, apá wa kò sì ká a.