Fausto Lé Arìnrìn-àjò Kúrò ní Báà Màmá Wa

Radicofani,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án.

Tullio, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọmọbìnrin rẹ tó ń tọ́jú rẹ ní Genoa. Ṣé itan tó kán yẹn ti ń jinná? Mo gbàdúrà kó tètè san, kí o lè fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wálé wá gbọ́ ohun tí mo ní í sọ, nítorí inú tó ń bí mi kò ṣeé kọ tán sínú ìwé.

Fausto ọmọ rẹ ti dójú tì wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí oòrùn mú janjan, bàbá arúgbó kan wọ báà wa. Amadeu ni wọ́n ń pè é, ará ilẹ̀ Pọtugí, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Róòmù nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó kí gbogbo wa, ó sọ ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní kapushínò.

Fausto bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o! Kọfí oníwàrà tí à ń mu láàárọ̀ nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán! Bàbá, ṣé ọmọ ọwọ́ ni yín ni?" Attilio, oníbàárà wa ojoojúmọ́, tó fẹ̀yìn ti káńtà, dá sí i: "Fi fídà gbé e fún un, jàre!" Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n kúkú fún òun lómi. Ọmọ rẹ ní, "Ẹni tí kò ra nǹkan kì í mu omi níbí. Ẹ dìde lórí àga, oníbàárà ń bọ̀."

Omi, Tullio! Omi lásán! Ní báà tí Màmá ti ń gbé omi síwájú ọlọ́pàá, olè àti àlùfáà kí wọ́n tó béèrè!

Kí n tó dìde láti dá sí i, bàbá náà ti gbé ẹrù rẹ̀, ó ti jáde. Kò tíì rìn dé ẹ̀rọ omi tó wà ní gbàgede tó fi ṣubú lulẹ̀. Èmi àti Attilio, tí ojú ti wá ń tì, la gbé e wọ ilé mi. Nígbà tó lajú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò mọ àṣà yín." Òun ló tún ń tọrọ àforíjì!

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bọ́ sẹ́yìn káńtà, mo ní kí Fausto bọ́ síta. "Àǹtí, ẹ má dójú tì mí níwájú èèyàn." Mo ní, "Ojú wo lo ní tó kù? Èmi ni Màmá fún ní ìdajì báà yìí, ìdajì tèmi ni káńtà sì wà. Bọ́ síta!" Ó bọ́ síwájú káńtà, ó ń kùn. Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá Amadeu yọ. Mo po kapushínò fún un, mo gbé omi tutù tì í. Báà kún, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Fausto wá fa àga fún un: "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ dárí jì mí." Bàbá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní kó wá bá òun jókòó.

Bàbá ti dárí jì í. Èmi ò tíì dárí jì í. Ó ní ìwọ lo sọ pé kí òun máa lé àwọn ẹlẹ́rù ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ òótọ́, kọ̀wé sí mi, kí n mọ ẹni tí màá bá jà. Bó bá jẹ́ irọ́, òun ni kí o kọ̀wé sí.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní egungun líle àti ọkàn rírọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Nives.

Mo tún rántí: kọfí tí ọmọ rẹ ń po dùn ju tèmi lọ. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.