Ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà Kò Pa Ẹnikẹ́ni

                                        Ojúlé 17, Marks Gate,
                                        Romford,
                                        London.
                                        16 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Gbádégẹṣin, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Irọ́ ni. Ọlọ́pàá kò mú mi, n kò sì fi ẹ̀fọ́ pa ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gbé ìròyìn yẹn dé abúlé wa, bá mi sọ fún un pé obìnrin tó ní mo pa jẹun jù mí lọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Ó yẹ kí n ti kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́? Ara tèmi le bí ọta, àfi òtútù tó ti ń yọjú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. O rántí igi ìyánà-ìpájà tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé-ìwé wa ká, tí oje funfun rẹ̀ máa ń kán sí wa láṣọ? Mo gba ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ́wọ́ Màmá Wúrà, àgbàlagbà kan ní ìjọ wa tó ń gbìn ín sínú ike lẹ́bàá fèrèsé. Mo jẹ́ kí oje rẹ̀ gbẹ, mo gbìn ín sínú ilé gíláàsì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kò lè yè. Mo ní yóò yè. Nígbà tí oòrùn mú lọ́dún yìí, ó ga jù mí lọ, gbogbo ìjọ sì ń já ewé rẹ̀ lọ sílé. Kò sí ẹni tó já a tí n kò kìlọ̀ fún pé kó bọ̀ ọ́ jinná, nítorí tútù rẹ̀ lóró.

Sístà Morónkẹ́ náà gbọ́ ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ ọ, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó. Ó gbo ewé náà ní tútù, ó po omi rẹ̀ mọ́ mílíìkì àti mọ́ọ̀tì, bí wọ́n ti ń ṣe úgú nílé. Ọ̀rẹ́, èébì gbé e dé ọsibítù.

Kó tó padà dé, ìgbìmọ̀ ìjọ ti pinnu pé wọn yóò fa igi náà tu lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí n má sì dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bàbá Akínrẹ̀mí, alága wọn, ní, "Láyí, igi ikú lo gbìn sílé Olúwa."

Mo ní, "Bàbá, gbágùúdá tútù náà lóró, ẹ sì mu gàrí láàárọ̀ yìí."

Wọ́n ní mo rí àgbà fín. N kò bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo ti bọ ẹ̀fọ́, mo da omi rẹ̀ nù, mo fi irú àti ẹja gbígbẹ rò ó. Mo gbé ìkòkò síwájú ilé gíláàsì, mo bu tèmi jẹ lójú gbogbo wọn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo òkú tí kò tíì ṣubú. Màmá Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ na àwo. Dárasími, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Castle Green, tẹ̀lé wọn. Ó ní, "Bọ̀dá Láyí, tí mo bá kú, ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣiṣẹ́ alẹ́ o!" Bàbá Reuben, àgbà kan nínú ìjọ, ṣe ẹni kẹta. Mo ṣì ń ka àwọn tó dúró tì mí nígbà yẹn.

Ni mo bá gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn wọn, "Ẹ yàgò fún mi jàre." Sístà Morónkẹ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ó ní, "Láyí kìlọ̀ fún mi, etí dídi tèmi ló gbé mi dé ọsibítù. Bu ẹ̀fọ́ fún mi, má sì bù ú bí ẹni ń bu oògùn." Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo lá.

Lẹ́yìn tirẹ̀, n kò ka ènìyàn mọ́. Ìlà ti gùn dé ẹnu géètì, Bàbá Akínrẹ̀mí fúnra wọn wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹja tó tóbi jù ni mo bù fún wọn. Igi náà ṣì wà ní ìdúró.

Gbádégẹṣin, iṣẹ́ kan ni mo bẹ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu ìyá mi láti ìgbà tí irọ́ náà ti dé etí wọn. Já ìyánà-ìpájà níbi ọgbà ilé-ìwé, kí ìyàwó rẹ bọ̀ ọ́ jinná, kó rò ó dáadáa. Gbé e lọ bá wọn, sọ fún wọn pé orúkọ ilé wa kò bàjẹ́, kí o sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Kí Bàbá àti gbogbo ará ilé fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun,
Láyí.