A Ò Ní Ṣe Àmín

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje

Inú ń bí mi. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Rédíò ló sọ ọ́ láàárọ̀ pé àwọn ará Àárín-Odò ti gbà, wọ́n ti ṣe tán láti kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ sí ilé tuntun létí títì, nítorí omi. Wọ́n ní tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi gbà. Àárín-Odò tí mo mọ̀? Abúlé bàbá mi lọ́nà Ìbòkun, níbi tí kòkó wa wà, níbi tí Yèyé mi ń gbé títí di òní? Mo fi aṣọ tí mo ń rẹ sílẹ̀ nínú aró ní Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo níbí, mo pe Yèyé lórí fóònù. Ó ní àwọn ò gba nǹkan kan o. Ọ̀gá ìjọba kan láti Òṣogbo ló wá kí àwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbàdúrà fún àwọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní àdúrà wo. Ó ní pé Ọlọ́run yóò gbé àwọn lọ síbi tó dára ju ibẹ̀ lọ. Mo ní kí lẹ wá sọ. Ó ní, "Kí lèèyàn ń sọ tí wọ́n bá gbàdúrà fún un? A ṣe àmín."

Àmín. Òun ni wọ́n gbé lọ sórí rédíò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Mo rò ó fún Gírámà. (Waliyullah, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa tó ń jà nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Gírámà nínú ìwé yìí, torí kò lè béèrè omi mímu kó má fi òyìnbó kún un.) Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ohun tí ẹgbẹ́ wa ń jà fún gan-an nìyí: ẹni tí kò dáná ni èéfín ń lé kúrò nílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Gírámà wọ̀ mí lára.

Òótọ́ ni kẹ̀. Àárín-Odò ò ní iná ìjọba. Ọ̀kadà ibẹ̀ ò pọ̀. Àwọn tó ń sun epo tọ̀sántòru lókè òkun àti láwọn ìlú ńlá ló da òjò rú. Nígbà èwe mi, odò méjèèjì tó yí wa ká máa ń kún fún bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, ó tán. Ní báyìí, ó lè tó oṣù méjì. Abúlé ti di erékùṣù. Omi ò wọlé ẹnikẹ́ni o, orí òkè ni ilé wà — ọ̀nà ló ń gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Afárá onígi á lọ, kòkó á bu nílé, aláìsàn á jókòó sétí omi. Afárá oníkọnkéré kan ṣoṣo la ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá. Ìjọba ní kíkó kúrò ló rọrùn jù. Ta ni yóò wá máa ká kòkó wa?

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Èmi àti Gírámà lọ bá ọ̀gá tó gbàdúrà náà ní ọ́fíìsì ẹ̀. Láti òní lọ, Ọ̀gá Àmín lorúkọ ẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní mọ́ọ̀tì tútù. Ó ní, "Ìyá wa, àmúwá Ọlọ́run ni omi." Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló kọ̀ tí kò ṣe afárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní gbogbo ayé ló gbọ́ àmín àwọn èèyàn mi, pé òun ń padà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn oníròyìn, kí wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí a ṣe fẹ́ dìde, ó ní kí á fi àdúrà parí ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bí ìjọba ṣe fẹ́ ẹ. Mo pa ẹnu mi dé. Gírámà ṣe àmín. Ó ní ó ti bọ́ lẹ́nu òun kí òun tó mọ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Old Garage.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Mo lọ sí Àárín-Odò. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi obì. Mo sọ fún wọn pé tí ọkùnrin yẹn bá padà dé tó bá gbàdúrà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe àmín.

Ariwo sọ. Lọ́jà, olórí abúlé wa, Bàbá Ọdúntán, bi mí bóyá Mùsùlùmí tí mo fẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀ ló sọ mí dà báyìí. Mo ní àwọn Mùsùlùmí náà ń ṣe àmín, Bàbá, ẹ jẹ́ á fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n ṣàdúrà fún tí kò ṣe àmín, ara ẹ̀ ló ń ṣépè fún. Mo ní ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ yín tó ń pè é ní àdúrà, èwo ni ẹ ń bá a ṣe àmín sí? Ẹ bá Ọlọ́run yín sọ̀rọ̀ nínú ikùn. Ẹnu ni kí ẹ pa dé. Wọ́n jà, wọ́n jà. Ìgbà tó pẹ́, Lọ́jà ní bàbá òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbin kòkó tó wà lẹ́yìnkùlé òun, òun ò ní fi àmín tà á. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ó ku Yèyé. Àmín ni Yèyé fi ń mí. Ó ń ṣe é fún wòlíì inú ọkọ̀, ó ń ṣe é fún àwọn tó ń polówó àgbo lórí rédíò. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ní, "Kí lẹ ń wò mí fún?"

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Mo dán Yèyé wò lórí fóònù. Mo ní Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ó ní, "Àmín, Sẹ̀gi mi." A gbé.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Keje

Òjò. Yèyé ní omi ti kan igi afárá lábẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Ẹnì kan pè mí, kò dárúkọ. Ó ní kí n gbájú mọ́ aró mi. Mo ní mo gbájú mọ́ ọn, kí òun náà kó aṣọ tòun wá kí n bá òun rẹ ẹ́. Ó jù ú sílẹ̀. Kàósárà ọmọ mi ní kí n má lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kó bá mi wá aṣọ tó mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kó tó di àsọdùn.

Ọ̀gá Àmín dé. Èèyàn méjì ló dì í mú kó tó lè gba orí igi afárá kọjá. Oníròyìn na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. Ó sọ̀rọ̀ ilé tuntun, ó sọ̀rọ̀ títì, ó wá pa ojú dé. Ó ní Ọlọ́run yóò gbé yín kúrò nínú ewu.

Kẹ́kẹ́ pa.

Ó rò pé wọn ò gbọ́ ni. Ó tún un sọ, ó gbóhùn sókè. Wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Lọ́jà ń wo ìka ọwọ́ ara ẹ̀. Ọ̀gá wá ní, "Ẹ ò ní kú ikú omi." Háà. Ta ni kò ní ṣe àmín sí ìyẹn? Mo wo Yèyé. Ó ti ki etí ìborùn ẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú ṣinṣin. Omijé bọ́ lójú mi. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Ni Yèyé bá yọ ìborùn lẹ́nu, ó dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí n gba àdúrà náà lọ́wọ́ rẹ." Ó ní Ọlọ́run tó mú ọ gba orí igi yìí kọjá yóò mú ọ délé. Ọ̀gá ní àmín. Ọmọ rẹ ò ní ṣáájú rẹ lọ. Àmín. Wọn ò ní fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ níbi iṣẹ́. Àmín, ìyá, àmín! Ìwọ lo máa ṣe afárá yìí fún wa, níbí yìí, lórí ilẹ̀ wa tí a ò ní kúrò.

"Àmín," ni Ọ̀gá wí.

Ìgbà yẹn ni gbogbo abúlé wá ṣe àmín tiwọn. Àwọn ẹyẹ tú lórí igi obì. Ọkùnrin yẹn la ojú, ó ń wo ẹ̀rọ tó wà níwájú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

Rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́, odindi. Ní Òkè-Baálẹ̀, àmín ni wọ́n fi ń kí mi báyìí. Ọ̀gá pè mí, ó ní mo dójú ti òun. Mo ní wọ́n ṣàdúrà fún yín ni, sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Àwọn ẹnjiníà lọ wọn odò. Inú wa dùn. Àṣé bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé kọ̀ọ̀kan, ti wíwó. Ẹ wo ìwà. Yèyé ti fi kànìnkànìn àti eérú fọ tirẹ̀ kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Àárín-Odò ni mo ti ń kọ èyí. Mo dé lọ́jọ́bọ̀. Mo lè ti lọ lánàá, n kò lọ. Kàósárà ń bá mi mójú tó aró. Láàárọ̀ yìí, odò gbé afárá onígi lọ, omi yí wa ká. Iṣu wà nílé, gaàrí wà. A ti fọ ọ̀dà pupa kúrò lára gbogbo ilé.

Ọ̀gá Àmín pè lọ́sàn-án. Mo gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Kò gbàdúrà rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ti ń bọ̀, kí gbogbo wa di ẹrù wa, wọn yóò kó wa lọ sí ilé tuntun, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnikẹ́ni ò dìde. Lọ́jà na ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Yèyé ní kí n gbé fóònù wá.

Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ọkọ̀ yẹn, fi kó sìmẹ́ǹtì afárá wa wá."