Káríà Tí Ìyá Ràṣídà Kò Lè Jókòó Sí

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Mo sùn lábẹ́ tírélà l'Ápápá. Mo ru sìmẹ́ńtì ní wáàfù títí èjìká fi bó. Omi gbé yàrá mi lọ l'Ájégúnlẹ̀. Èmi yìí náà ni mo kọ́lé alájà méjì! Ṣé irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló wá fẹ́ dà mí láàmú?

Káríà tí mo yàn fún kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mi ń dán, ó fúyẹ́, ó gba báàgì méjì. Ìyàwó mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Baba Ràṣídà, níbo lèmi máa jókòó sí? Àbí ẹ ti rí ìyàwó tó tẹ́ẹ́rẹ́?"

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ni mo fi gbé e wá sílé ọkọ. Mi ò tiẹ̀ rántí…

Láti ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín yẹn ni mo ti ń jáde lọ wo káríà náà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin tó fẹ̀, màá fi tìmùtìmù lé e. Màá gbé ìyàwó mi gba GRA kọjá, kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ rí wa.