Fọ́ọ̀mù Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ìkirun

Ìkirun,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 2004.

Raodah ọmọ mi, Ìyá Àsmá'ù,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Àsmá'ù ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní Festac tí ò ń rìn káàkiri yẹn, kò sì ní jẹ́ kí n tún gbọ́ irú ohun tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Àwa náà wà níbí, òjò ti wó ògiri ẹ̀yìn ilé, adìyẹ mẹ́ta ló kù, orúnkún mi sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Dẹ́rẹ́bà tó ń gbérò ní Mazamaza ló gbé lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, pé ìwọ àti Màmá Rosaline ará ṣọ́ọ̀ṣì àti Alhaji Bádrù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tìrẹ ti pawọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ igbó àti ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fà símú. O ní àwọn tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ní àfi kí ogún òbí kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, ẹ kò sì rí ju mọ́kànlá lọ, torí ojú ń ti àwọn èèyàn. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ òun ló bàjẹ́? Èmi náà, nígbà tí o gbé Jamal àbúrò rẹ wálé láti Mile 2, tó sì kú, ibà ni mo sọ fún gbogbo Ìkirun. Ibà ni mo sọ fún ààfáà tó kírun sí i lára.

Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù òbí tí o fi sínú lẹ́tà, mo bá gbé e lọ bá Tísà Ọmọ́ṣaléwá, kó máa kà á, kí n máa wí, kó máa kọ. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo ní èlùbọ́ ni mò ń tà, kó kọ ọ́ pé kò ní yanrìn, bóyá wọ́n á rà. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní ká má kọ nǹkan kan sí, mo ní kó fi orúkọ bàbá yín síbẹ̀, torí olóògbé ni, kò ní dí wọn lọ́wọ́. Tísà kọ́kọ́ jiyàn, àmọ́ ó kọ ọ́.

Ìgbà tó ka ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sọ bí ọmọ ọdún méjìlélógún ṣe ń gbọ̀n lórí ẹní mi, tó ń bẹ̀ mí pé kí n wá owó ìyẹ̀fun náà fóun, tó ta aago bàbá rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé kì í ṣe ibà. Ó dùn mí, Raodah, ó sì fúyẹ́. Tísà gbé bírò sílẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní ṣé mo lè bá òun béèrè fọ́ọ̀mù kan, pé Yíwọlá àbúrò òun tí wọ́n ní ó wà lókè Ọya, yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ló wà.

Nítorí náà, fi fọ́ọ̀mù méjì ránṣẹ́, ọ̀kan lè bàjẹ́. Fi owó díẹ̀ sí i, kí n fi mọ ògiri, kí n sì ra róòbù tí mò ń fi pa orúnkún.

Wọ́n ní ká lẹ páásípọ́ọ̀tù sókè fọ́ọ̀mù. Tísà ní tèmi ni, mo ní rárá, torí Jamal la ṣe ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́ rí. Èyí tó yà fún ìdánwò àṣejáde ni mo yọ lára ògiri, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ọ̀run. Tí wọ́n bá ti wò ó tán, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra ṣí i kúrò, kí wọ́n dá a padà. Kò sí òmíràn nílé.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn òbí tí ẹ ń wá pé ogún. Yóò bá wa wo Àsmá'ù dàgbà. Ìwọ ni wàá sin mí, mi ò ní sin ọmọ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàósátù.