Ìrìn Wa Létí Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Yaqub,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá Yaqub àti gbogbo ará ilé wa ní Ìwó. Ara gbogbo wa le ní Peckham, ní London níbí. Rahmah, ọmọ-ọmọ mi, ti di nọ́ọ̀sì, orí mi sì wú.

Kíláàsì tí mo ti ń kọ́ ìwé kíkà fẹ́ lọ rìn lórí òkè etí òkun ní oṣù karùn-ún, kí a lọ wo òdòdó inú igbó. Ojúọlá tí a jọ ń jókòó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú, ẹ̀yin lẹ mọ ewéko." Mo ní kó bá mi gbé ìrẹsì tí n ó sè fún ìrìn náà dání ná.

N kò sọ fún wọn pé ojú mi ń fọ́ lọ. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; kí ni n ó fi ṣọ́ tèmi lókè yẹn? Bí eéfín ni mo rí àwòrán òdòdó tí tíṣà pín.

Ẹ dákun, ẹ tètè fèsì, kí Yaqub kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Rahmah ló ń ka lẹ́tà yín fún mi látọjọ́ yìí; mo fẹ́ ka èsì yìí fúnra mi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ní tèmi, ẹ̀rù ń bà mí pé òkùnkùn yóò ṣáájú lẹ́tà yín dé.

Àbúrò yín,
Àsúmáù